Stackfreed: Àgbéyẹ̀wò Orírun Orúkọ Kan Láti Ẹ̀yìn Aago Jámánì

Irin líle kan ni ojú ẹni tó bá ṣí ẹ̀yìn aago àfikọ́rùn àtijọ́ ti ilẹ̀ Jámánì yóò kọ́kọ́ bà lé, ìyẹn irú èyí tí wọ́n ń ṣe nílùú Nuremberg àti Augsburg ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Irin náà tẹ̀ bí ọrun, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ẹ̀yìn aago ká. Kẹ̀kẹ́ bíńtín kan wà lẹ́nu rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ yìí ń fi gbogbo agbára tẹ etí àwo kan tí kò ṣe rogodo délẹ̀, tó yọ ikùn síta lápá kan, tó sì wọnú lápá kejì. Irin, kẹ̀kẹ́ àti àwo yìí lápapọ̀ ni àwọn onímọ̀ aago ń pè ní stackfreed.

Ibo ni orúkọ yìí ti wá? Ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti ṣe aago náà, ṣùgbọ́n inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ rẹ̀ ti gbilẹ̀. Bí ọmọ Jámánì bá kà á, kò jọ èdè rẹ̀ létí. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá kà á, ó lè pe ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ ìtumọ̀ kankan kò jáde níbẹ̀. Ìdáhùn tó wọ́pọ̀ jù ni pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀rọ̀ Jámánì méjì tí wọ́n kàn pọ̀: starke, tó túmọ̀ sí "alágbára", àti Feder, tó túmọ̀ sí sípíríǹgì. "Ó ṣeé ṣe" yìí ni mo fẹ́ gbé ka orí ìwọ̀n. Ṣé ìtumọ̀ náà bá iṣẹ́ irin yìí mu? Ṣé gírámà Jámánì gbà á? Ṣé ìró rẹ̀ lè yí padà báyẹn? Ṣé a rí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́nà tó gbà wá? Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tó bá ń wá ìdí orúkọ tí wọ́n ti sọ tipẹ́, ilé yẹn kan náà ló gbọ́dọ̀ padà lọ wò.

Ilé tí wọ́n bí i sí

Kí sípíríǹgì tó dé inú aago, ìwúwo ló ń wà á. Wọ́n á so òkúta tàbí òjé mọ́ okùn, á máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á sì máa fa kẹ̀kẹ́ yí. Ohun tó dára nínú ìwúwo ni pé agbára tó fi ń fà ní àárọ̀ náà ló fi ń fà ní alẹ́. Àìdára rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó lè gbé e kọ́rùn rìn. Ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni àwọn oníṣẹ́ aago ní Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ká bí ẹní rọ́pò ìwúwo. Aago kan wà ní Germanisches Nationalmuseum ní Nuremberg, tí wọ́n ń pè ní Burgunderuhr, tí wọ́n ṣírò pé wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 1430. Sípíríǹgì ló ń wà á.

Sípíríǹgì gba aago lọ́wọ́ ògiri, ó sì jẹ́ kó di ohun tí èèyàn ń gbé rìn. Ṣùgbọ́n àìsàn tirẹ̀ bá a wá. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ká a tán, agbára rẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ. Bó ṣe ń tú ni ó ń rọ̀. Aago òde òní lè fara da èyí dé ìwọ̀n kan, nítorí irun irin wẹ́rẹ́ tó wà lára kẹ̀kẹ́ tó ń mì inú rẹ̀ ló ń pín ìṣẹ́jú. Ọdún 1675 ni Christiaan Huygens, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, gbé irun irin yẹn jáde fáráyé. Aago tó ti wà ṣáájú kò ní in. Bí agbára tó ń tì í bá pọ̀, á sáré. Bí agbára náà bá rọ̀, á fà. Aago tó yára láàárọ̀ á wá máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ lálẹ́. Abájọ tó fi jẹ́ pé ọwọ́ kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà lójú àwọn aago náà, èyí tó ń tọ́ka sí wákàtí. Ta ni yóò fi ọwọ́ ìṣẹ́jú sí ojú ohun tí kò mọ ìṣẹ́jú?

Àwọn tó ń ṣe aago wọ̀nyí ní Nuremberg, alágbẹ̀dẹ kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo ni wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ni Peter Henlein, tí wọ́n bí ní nǹkan bí ọdún 1485, tó sì kú ní ọdún 1542. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, òǹkọ̀wé Johannes Cochlaeus kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń fi irin ṣe àwọn aago kéékèèké tó ń ṣiṣẹ́ fún 40 wákàtí, tí èèyàn lè gbé sí àyà tàbí sínú àpò. Mo pe àkíyèsí sí iṣẹ́ ọwọ́ wọn yìí nítorí pé ó kan ọ̀rọ̀ wa. Alágbẹ̀dẹ àgádágodo mọ irin, ó sì mọ bí a ṣe ń tẹ irin tí yóò fi máa ta padà. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá rí i pé agbára sípíríǹgì inú aago pọ̀ jù, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni láti wá irin mìíràn tí yóò dè é.

Ọ̀nà méjì, orúkọ púpọ̀

Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà wo àìsàn sípíríǹgì. Èkíní ni ti agogoro kékeré kan tó fẹ̀ nísàlẹ̀ tó sì tín-ín-rín lókè, tí wọ́n gé ojú ọ̀nà yípoyípo sí lára. Okùn tó ti ara àgbá sípíríǹgì wá ni wọ́n ń we mọ́ ọn. Nígbà tí sípíríǹgì bá lágbára, ibi tóóró ni okùn ń fà. Nígbà tí agbára bá rọ̀, ibi fífẹ̀ ló kù fún un láti fà, bẹ́ẹ̀ ni méjèèjì sì ń dọ́gba. Jakob Zech ní ìlú Prague fi irú ètò yìí sínú aago kan tó ní ọdún 1525 lára.

Ẹ wo orúkọ tí wọ́n sọ ohun yìí. Àwọn ará Faransé pè é ní fusée, láti ara fusus ti èdè Látìn, ìyẹn kẹ̀kẹ́ ìrànwú. Wọ́n wo bí okùn ṣe wé mọ́ ọn, wọ́n sì rí ìyá tó ń ran òwú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba orúkọ náà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ará Jámánì ní tiwọn wo ojú ọ̀nà yípoyípo tó wà lára rẹ̀, wọ́n sì pè é ní Schnecke, ìgbín. Èdè méjì, ojú méjì, ṣùgbọ́n ìdí orúkọ hàn gbangba nínú àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá rí ohun náà rí orúkọ rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni stackfreed. Wọ́n á fi kẹ̀kẹ́ eléyín kékeré sí ara ọ̀pá sípíríǹgì, èyí á máa yí àwo tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Irin tó tẹ̀ bí ọrun á máa tẹ etí àwo náà. Ní kété tí wọ́n bá ká aago tán, irin yìí á tako sípíríǹgì, á sì jẹ nínú agbára rẹ̀. Bí àkókò ti ń lọ, apá ibi tí irin náà ń tẹ̀ á máa yí padà, títí tí kẹ̀kẹ́ ẹnu rẹ̀ á fi yọ̀ wọ ibi tó wọnú lára àwo. Níbẹ̀, dípò kó máa tako sípíríǹgì, á bẹ̀rẹ̀ sí í tì í lẹ́yìn. Wọ́n tún máa ń fi apá kan sílẹ̀ láìgé eyín sí i lára kẹ̀kẹ́ àwo náà, kó má baà ṣeé ká jù, kó má sì tú tán pátápátá.

Ó jẹ́ ọgbọ́n, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó náni lówó ni. Irin ń ha irin ní gbogbo ìgbà, agbára tí ì bá wa aago sì ń ṣòfò. Ọ̀nà ìgbín borí. Nígbà tí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún fi máa dé àárín, àwọn oníṣẹ́ ti fi stackfreed sílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ètò ìgbín ṣì wà nínú aago ojú omi tí àwọn atukọ̀ ń lò títí wọ ọ̀rúndún ogún. Kókó kan wà níbí tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé: ohun tó ń jẹ́ stackfreed tètè kú. Ọ̀rọ̀ tí ohun tó ń jẹ́ ẹ bá ti kúrò lọ́wọ́ oníṣẹ́, kò sí ẹnu ojoojúmọ́ tí yóò máa tún un pè dáadáa. Inú ìwé ni yóò kù sí, bí ẹnikẹ́ni bá sì ṣì í kọ, àṣìkọ náà lè di orúkọ.

Ìdánwò ìtumọ̀

Feder lédè Jámánì, ìyẹ́ ẹyẹ ni ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ìyẹ́ ni wọ́n fi ń kọ̀wé, nítorí náà Feder di gègé. Ìyẹ́ tí a bá tẹ̀ a máa ta padà, nítorí náà Feder di sípíríǹgì. Ọ̀rọ̀ yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ aago Jámánì, ìparí ọ̀rọ̀ alákànpọ̀ sì ni ó sábà máa ń wà. Sípíríǹgì tó ń wa aago ni Zugfeder, nítorí Zug ni fífà. Èyí tó ká róbótó lára kẹ̀kẹ́ tó ń mì ni Spiralfeder. Iwájú ọ̀rọ̀ ló ń sọ irú sípíríǹgì tí a ní lọ́kàn, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń sọ pé sípíríǹgì ni.

Nínú aago stackfreed, sípíríǹgì méjì ló wà. Ọ̀kan fara pamọ́ sínú, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ká. Èkejì wà níta, ó nípọn, ó le. Oníṣẹ́ tó fẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ òun gbé èkejì wá, kí ni ì bá tún pè é ju "èyí tó le yẹn" lọ? Ìtumọ̀ "sípíríǹgì alágbára" bá ohun náà mu. Àbá náà yege nínú ìdánwò kìíní.

Àmọ́ ó yẹ kí a fi orúkọ kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Federbremse ni àwọn ará Jámánì ń pe ètò yìí lónìí. Bremse ni bíréèkì, nítorí náà bíréèkì onísípíríǹgì ni. Orúkọ yìí wo iṣẹ́ tí ohun náà ń ṣe, ó sì mọ́ rekete. Bí àwọn ọmọ onílé bá ń pe ohun wọn ní orúkọ kan, tí àlejò ń pè é ní orúkọ mìíràn tó sì ní ilé yẹn lòun ti gbọ́ ọ, ó tọ́ kí a bi àlejò náà léèrè bó ṣe gbọ́ ọ.

Ìdánwò gírámà

Ọ̀pọ̀ àlàyé máa ń kọ orírun náà sílẹ̀ báyìí: starke Feder. Níbí ni mo ti ní àtúnṣe kan. Ọ̀rọ̀ méjì tó tò tẹ̀ léra wọn nìyẹn, wọn kò tíì di ọ̀kan. Nígbà tí èdè Jámánì bá kan ọ̀rọ̀-àpèjúwe mọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ó máa ń bọ́ ìparí ọ̀rọ̀-àpèjúwe náà dànù. Bàbá bàbá ẹni tàbí bàbá ìyá ẹni ni Großvater, láti ara groß, "ńlá", àti Vater, "bàbá". Wọn kì í pè é ní Großer Vater, nítorí ìyẹn á túmọ̀ sí bàbá kan tó tóbi. Àwa náà mọ irú ìyàtọ̀ yìí: ẹran ńlá lè jẹ́ ẹran èyíkéyìí tó tóbi, ṣùgbọ́n ẹranńlá tí a kàn pọ̀, màlúù ni.

Bí stackfreed bá jẹ́ ọ̀rọ̀ alákànpọ̀ lóòótọ́, Starkfeder ni ká máa retí. Àtúnṣe kékeré yìí ran àbá náà lọ́wọ́. Ìró k tó parí stack ti wà níbẹ̀ láìsí fáwẹ̀lì lẹ́yìn rẹ̀, sílébù kan sì ti dín nínú ohun tí a ní láti ṣàlàyé.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ gírámà kò tán síbẹ̀. Àwọn orúkọ sípíríǹgì tí mo kà sókè ń sọ iṣẹ́ sípíríǹgì tàbí bó ṣe rí lójú: èyí tó ń fà, èyí tó ká. Stark ń sọ bí agbára rẹ̀ ṣe tó. Èdè Jámánì gba irú ìkànpọ̀ bẹ́ẹ̀. Iná mànàmáná alágbára ni Starkstrom lẹ́nu wọn lónìí. Ohun tí mo lè sọ ni pé gírámà kò dènà àbá náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sì gbé e lárugẹ.

Ìdánwò ìró

Ibí ni iṣẹ́ wà. Kí Starkfeder tó di stackfreed, ohun méjì gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀. R inú stark gbọ́dọ̀ sọnù. R tó wà ní ìparí Feder sì gbọ́dọ̀ fò síwájú, kó lọ dúró lẹ́yìn f.

Fífò r kì í ṣe ohun àjèjì nínú ìdílé àwọn èdè yìí. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, brid ni wọ́n ń pe ọmọ ẹyẹ. Bird ni wọ́n ń pe ẹyẹ lónìí. Thridde ni wọ́n ń pe ẹ̀kẹta, èyí tó sún mọ́ three; third ló dà. Ẹṣin ni Ross lédè Jámánì, horse ni lédè Gẹ̀ẹ́sì, orísun kan náà ni wọ́n sì ti wá. R jẹ́ ìró alárìnkiri láàárín wọn. Pípòórá r ṣáájú kọ́ńsónáǹtì náà wọ́pọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì ìhà gúúsù England láti ọ̀rúndún kejìdínlógún. Nítorí náà, bí a bá mú ìyípadà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó lè ṣẹlẹ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la fẹ́ kó ru méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìró kan tún wà tó yẹ ká tẹ́tí sí, ìyẹn st tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Nínú Jámánì ìhà gúúsù, níbi tí Nuremberg àti Augsburg wà, st níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ máa ń dún bí ṣt. Ṣtark ni wọ́n ń pè é. Bí Gẹ̀ẹ́sì kan bá fi etí gbọ́ ọ lẹ́nu oníṣẹ́ kan ní Nuremberg, ó yẹ kí ìró ṣ wà nínú bó ṣe kọ ọ́. Stack ló wà nílẹ̀, pẹ̀lú s lásán. Èyí mú mi gbà pé, bí àbá yìí bá jóòótọ́, ojú ni ọ̀rọ̀ náà bá rìn ju etí lọ: ẹnì kan rí i nínú àkọsílẹ̀, ó sì dà á kọ. Àwọn akọ̀wé àtijọ́ ní Yúróòpù máa ń gé er kúrú, wọ́n á fi ìlà wẹ́rẹ́ kan tó tẹ̀ sókè ọ̀rọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ọ̀nà ìkọ̀wé náà lè gbé r síbi tí kì í ṣe tirẹ̀. Àbá tèmi lèyí, mo sì gbé e kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àbá. Ṣùgbọ́n ó ṣàlàyé ohun tí òfin ìró nìkan kò lè ṣàlàyé.

Àwọn ìtumọ̀ tó dùn létí

Nígbà tí orírun ọ̀rọ̀ bá fara sin, ìtumọ̀ tó dùn máa ń sáré wá jókòó síbẹ̀. Mẹ́ta wà tó yẹ ká lé dìde.

Èkíní ni ti Gẹ̀ẹ́sì. Stack ni òkìtì ohun tí a tò lé ara wọn. Freed ni ohun tí a tú sílẹ̀. Ojú Gẹ̀ẹ́sì kò lè ṣàì rí ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí a tò jọ nínú ètò yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò tú ohun kankan sílẹ̀. Ńṣe ló ń dè é.

Èkejì ló fẹ́ tan èmi fúnra mi jẹ. Àlàáfíà ni Friede lédè Jámánì, òun náà ló parí orúkọ bíi Gottfried àti Siegfried, ìró fried sì sún mọ́ freed gan-an. Kẹ̀kẹ́ tó ń mì nínú aago ń jẹ́ Unruh lédè Jámánì, ìyẹn "àìsinmi". Ẹ ò rí i bó ṣe dùn tó: àìsinmi nínú aago, àlàáfíà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń mú un rọlẹ̀! Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, ìfẹ́ náà gan-an ló sì yẹ kó lani lójú. Stack kò ní ìtumọ̀ tó bá àlàáfíà rìn níbẹ̀, àlàyé náà kò sì ní ohun mìíràn tó gbé e dúró ju adùn lọ. Mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ti Nẹ́dálándì. Ṣé kì í ṣe èdè Dutch ló gbé e wá, níwọ̀n bí st ti ń dún gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́ nínú èdè náà? Alágbára ni sterk níbẹ̀, sípíríǹgì sì ni veer. Fáwẹ̀lì sterk kò jọ ti stack, veer sì ti gbé d mì pátápátá, bẹ́ẹ̀ ni d ló kẹ́yìn freed. Jámánì ni d yìí ń tọ́ka sí.

Ọ̀rọ̀ tó rìnrìn àjò

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìdàrú tó wà láàárín Starkfeder àti stackfreed ti pọ̀ jù, kí ó wo ohun tó dé bá àwọn ọ̀rọ̀ alákànpọ̀ mìíràn lójú ọ̀nà. Sauerkraut ni àwọn ará Jámánì ń pe kábéèjì tí wọ́n jẹ́ kó kan. Àwọn tó wà ní Alsace ní sûrkrût. Etí Faransé gbọ́ ọ, ó sì sọ ọ́ di choucroute. Chou ni kábéèjì lédè Faransé, nítorí náà kábéèjì wọ iwájú ọ̀rọ̀ náà, níbi tó jẹ́ pé "kíkan" ló wà tẹ́lẹ̀! Kò sẹ́ni tó ṣe ìpàdé lórí rẹ̀. Etí ló wá ohun tó mọ̀, ó sì rí i.

Lọ́dọ̀ àwa náà, ta ló ń rántí ibi tí wọ́n ti so bíríkìlà pọ̀? Gẹ̀ẹ́sì ní brick, ó ní layer, ó kàn wọ́n pọ̀. Yorùbá gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́, ó fi fáwẹ̀lì sáàárín b àti r, ó gé ìparí rẹ̀, ó sì fún un ní ohùn. Ẹni tó bá rí bíríkìlà nínú ìwé ní 400 ọdún sí i, lẹ́yìn tí búlọ́ọ̀kù bá ti kúrò nílẹ̀, yóò ṣe wàhálà kó tó mọ ibi tí wọ́n ti so ó.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù lọ sì wà ní Nuremberg gan-an. Àwọn aago àfikọ́rùn ìlú náà ni gbogbo ayé mọ̀ sí ẹyin Nuremberg, Nürnberger Ei. Àwọn kan nínú wọn rí gbọọrọ bí ẹyin lóòótọ́, orúkọ náà sì dà bí ohun tí kò nílò àlàyé. Ṣùgbọ́n àwọn aago ìgbà Henlein rí bí ìlù kékeré tàbí bọ́ọ̀lù; àwọn tó rí bí ẹyin, ìgbà tí ó ti kú ni wọ́n dé. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé "aago kékeré" ni ọ̀rọ̀ náà ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, Aeurlein, láti ara Uhr, tí etí àwọn mìíràn sì gbọ́ bí Eierlein, "ẹyin kékeré". Nínú ìlú kan náà, láàárín oníṣẹ́ kan náà, ní ọ̀rúndún kan náà, orúkọ aago ti ṣìnà rí. Èyí kò fi hàn pé stackfreed ṣìnà bẹ́ẹ̀. Ó fi hàn pé ọ̀nà ìṣìnà náà ṣí sílẹ̀.

Bí ẹ̀rí tó pé ṣe máa ń rí

Kí a tó dájọ́, ẹ jẹ́ ká wo orírun kan tí kò ní iyèméjì nínú, ká lè mọ ohun tí a ń pè ní ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀ wa, aago, láti ara agogo ló ti wá. Àkọ́kọ́, agogo ṣì wà láàyè: agogo ṣọ́ọ̀ṣì, agogo iléèwé, agogo tí àwọn onílù ń lù. Èkejì, òfin ìró tó bí aago bí àwọn mìíràn: kọ́ńsónáǹtì àárín a pa jẹ, egungun a di eegun, òtítọ́ a di òótọ́. Ẹ̀kẹta, ọ̀nà tí ìtumọ̀ gbà hàn kedere. Aago ńlá tó ń kéde wákàtí, agogo ló fi ń kéde rẹ̀, àwa sì ṣì ń sọ pé aago lù. Ẹ̀kẹrin, àwọn èdè mìíràn gba ọ̀nà kan náà: clock ti Gẹ̀ẹ́sì ti ara clocca tó jẹ́ agogo lédè Látìn wá, Glocke ti Jámánì sì jẹ́ agogo títí dòní. Àwọn ará Jámánì fi Glocke sílẹ̀ fún agogo, wọ́n sì gba Uhr fún aago láti ara hora ti Látìn, tó jẹ́ wákàtí. Bí àwa ṣe ń sọ aago mẹ́ta ni wọ́n ń sọ drei Uhr.

Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni orírun aago fi dúró. Ẹ fi ti Starkfeder wé e. Ìtumọ̀ rẹ̀ dúró dáadáa. Gírámà rẹ̀ dúró, bí a bá ti tún un ṣe. Ìró rẹ̀ tiro, ó ń wá ọ̀pá. Ojú ẹsẹ̀ tó yẹ kó wà láàárín ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, irú stackfeder tàbí starkfreder kan nínú ìwé owó tàbí ìwé ẹgbẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ àgádágodo, òun ni àlàyé náà kò gbé wá. Ẹsẹ̀ méjì àbọ̀ lórí mẹ́rin nìyẹn.

Ìdájọ́

Ìdájọ́ mi rèé. Nínú gbogbo orírun tí a lè fún stackfreed, "sípíríǹgì alágbára" ló sún mọ́ òtítọ́ jù, Starkfeder sì ni ó yẹ ká máa kọ, dípò starke Feder. Ó yẹ kí "ó ṣeé ṣe" náà dúró níwájú rẹ̀ títí tí ìwé àtijọ́ kan yóò fi jẹ́rìí. Ẹni tó bá kọ ọ́ bí ohun tó dájú ti yá iyì tí kò tíì tọ́ sí i fún un. Ẹni tó bá sì tì í dànù nítorí pé ìró rẹ̀ tiro, kò tíì wo choucroute àti ẹyin Nuremberg dáadáa.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni bí ìdáhùn ṣe sún mọ́ni nígbà kan. Ní ọdún 1560, ọmọ iṣẹ́ èyíkéyìí ní Nuremberg lè fi ọwọ́ tọ́ irin yẹn, kó pe orúkọ rẹ̀, kó sì sọ ìdí tó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láàárín ìmí kan. Àwọn aago náà wà títí dòní. Àwọn kan wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, irin ẹ̀yìn wọn ṣì tẹ̀ bí ọrun. Irin ló kù. Ẹnu tó mọ ìdí orúkọ ti panu mọ́.

Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tiwa ṣì wà láàyè. Alágbẹ̀dẹ tó mọ ìdí tí ewìrì fi ń jẹ́ ewìrì, tó sì mọ ìdí tí wọ́n fi ń pe òòlù rẹ̀ ní ọmọ owú, ó ṣì wà ládùúgbò ẹnì kan nínú àwọn tó ń ka ìwé yìí. Àgbàlagbà tó ń tún aago ṣe lábẹ́ agboòrùn létí ọjà ní orúkọ fún irin kọ̀ọ̀kan tó ń fi ẹ̀mú bíńtín gbé, òmíràn nínú orúkọ náà sì jẹ́ èyí tí òun àti ọ̀gá rẹ̀ nìkan mọ̀. Ẹ lọ jókòó tì wọ́n. Ẹ béèrè orúkọ, ẹ béèrè ìdí orúkọ, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, lọ́jọ́ tí ẹ gbọ́ ọ gan-an.